Agbáyun Iwájú Ilé Ọdẹ́tọ́lá

Ẹ sún mọ́ra kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè ráyè jókòó. Ẹni tí kò bá rí àga, kó jókòó sórí pèpéle, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fẹ̀yìn ti igi kékeré yìí, kí ọmọ ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan èso pupa tó wà lórí rẹ̀. Mo ní iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi èso náà ṣe lónìí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Látúndé, ọdẹ tó fi ọwọ́ òsì yìnbọn pa ẹfọ̀n nígbà tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún họra. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ béèrè lọ́wọ́ ẹfọ̀n náà. Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe tèmi. Ìtàn Ọdẹ́tọ́lá ni, ọ̀rẹ́ mi, tó ni ilé tí a jókòó síwájú rẹ̀ yìí, tó ni ọgbà yìí, tó sì gbin igi agbáyun yìí. Èmi náà wà nínú ìtàn ọ̀hún, níbi tí wọ́n ti ń wá ẹni tí yóò dúró sójú kan. Bí ẹ bá sì gbọ́ tí mò ń sọ ohun tó wà nínú ọkàn Ọdẹ́tọ́lá, ẹ má rò pé mo hùmọ̀ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, ẹ óò gbọ́ ibi tó ti sọ ọ́.

Nígbà tí Ọdẹ́tọ́lá wà lọ́dọ̀ọ́, kò sí ohun tó ń dùn ún tó kó rí iwájú ilé tó ṣófo. Agbárí ẹran ni àwọn ọdẹ yòókù fi ń ṣe ẹnu ọ̀nà wọn lọ́ṣọ̀ọ́. Ọdẹ́tọ́lá ní agbárí kì í rúwé. Ó gbin asọ́féyẹjẹ sí igun kan nítorí èso rẹ̀ tó máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó gbin ewọ̀n agogo yí ọgbà ká nítorí òdòdó rẹ̀ àti èso dúdú wẹ́wẹ́ rẹ̀, ó sì fi ọparun ṣe ọgbà lé gbogbo rẹ̀ kí ewúrẹ́ má bàa débẹ̀. Ó ya gbogbo ará Òkè-Ìsàn lẹ́nu pé ọkùnrin tó ń sá tẹ̀lé ìgalà láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́ tún lè lóṣòó kó máa fi ìka tu koríko. Bí wọ́n bá kọjá, wọ́n á dúró wò ó, wọ́n á kí i. Ìkíni yẹn dùn mọ́ ọn ju ẹran lọ.

Ìgbà tó yá, tíṣà kan kó wá sí ilé tó wà nítòsí ilé ìwé, ó sì gbin òdòdó pupa yí ilé rẹ̀ ká. Àwọn èèyàn wá ń dúró níwájú ilé tíṣà. Ọdẹ́tọ́lá kò lè jẹun dáadáa mọ́. Bí ó ṣe wà nínú ìrònú yìí ni ó gbọ́ nípa agbáyun Ìlú Àìfàtu. Ẹ mọ agbáyun. Ẹni tó bá fi í sẹ́nu, ọsàn wẹ́wẹ́ á dùn lẹ́nu rẹ̀ bí oyin. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú igbó tiwa kì í so tó bẹ́ẹ̀, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ti Àìfàtu máa ń so títí èso á fi bo ewé.

Ọdẹ́tọ́lá wá bá mi nílé. Ó ní, "Látúndé, gbé ìbọn rẹ, ká lọ."

Oṣù mẹ́ta péré ni mo tíì gbé Àṣàkẹ́ níyàwó nígbà náà. Àṣàkẹ́ bá wa dé ẹnu odi ìlú. Gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tuntun, kò lè pe ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ lórúkọ, nítorí náà Baba Olódòdó ló máa ń pè é. Ó ní, "Baba Olódòdó, ẹ̀yin lẹ mú ọkọ mi jáde o. Ẹ bá mi mú un padà wálé." Ọdẹ́tọ́lá ní kó fọkàn balẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà Igbó Ẹlẹ́yinjú la kọ́kọ́ dé. Ẹyẹ kan tó tóbi tó àká àgbàdo ló ń ṣọ́ ibẹ̀, ó ní orí mẹ́ta, orí kọ̀ọ̀kan sì ń bínú sí èkejì. Ó ní, "Kí ni ohun tí èèyàn ń gbìn tí kò ní jẹ, tí kò ní tà, tí kò ní fi wo àìsàn, síbẹ̀ tí inú á bí i bí ewúrẹ́ bá jẹ ẹ́?" Èmi dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni orí kan sọ mí lẹ́nu. Àpá rẹ̀ rèé. Ọdẹ́tọ́lá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ohun tí mo gbìn síwájú ilé mi ni. Ojú mi ló ń jẹ ẹ́." Ni ẹyẹ náà bá gbé apá kúrò lójú ọ̀nà.

A rìn títí a fi kan iwin ẹlẹ́sẹ̀ kan létí odò. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, èmi ni mo bá a jà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi bá a wọ̀yá ìjà tí ilẹ̀ ń mì. Ọdẹ́tọ́lá ní tirẹ̀ jókòó sórí òkúta, ó ń wo ewé kan tó hù létí omi. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, tí iwin náà di ọrùn mi mú, Ọdẹ́tọ́lá gbójú sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, irú ilẹ̀ wo ni igi yìí fẹ́ràn?" Inú iwin náà dùn pé ẹnì kan béèrè ọ̀rọ̀ gidi lọ́wọ́ òun. Ó fi ọrùn mi sílẹ̀, ó lọ ń fi ilẹ̀ hàn án, wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀ títí mo fi rọra kọjá odò. Báyìí ni mo ṣe ṣẹ́gun iwin.

Lẹ́yìn èyí, a wọ ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Àdéhùn. Ní ìlú yìí, ìlérí tí èèyàn bá ṣe tí kò mú ṣẹ máa ń di àdó kékeré, á so mọ́ ọn lọ́rùn, á sì máa dàgbà lọ́dọọdún. A rí obìnrin kan tí àdó mẹ́fà wà lọ́rùn rẹ̀, ọ̀pá ló fi ń rìn. A rí bàbá arúgbó kan tí tirẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ó ti tóbi tó ìkòkò omi, bàbá náà sì gbé e lé itan.

Ọdẹ́tọ́lá ní, "Baba, kí lẹ ṣèlérí?"

Bàbá náà ní, "Mo sọ fún ìyá mi pé n óò padà wá jẹun lọ́jọ́ náà."

Ọdẹ́tọ́lá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Torí oúnjẹ? Bí ó bá ṣe èmi ni, mo ti padà kó tó tutù." Bàbá náà kò bínú. Ó kàn ń wo ọrùn Ọdẹ́tọ́lá bí ìgbà tí télọ̀ bá ń fojú wọn èèyàn.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, a dé Àìfàtu. Kò sí ilé níbẹ̀. Ọgbà ni gbogbo ìlú náà. Igi kéékèèké tí kò ga ju èjìká lọ ló tò lọ rẹrẹ, òmíràn so èso funfun, òmíràn so èso àlùkò, àwọn agbáyun sì pupa débi pé ojú mi ń ṣe wìnnìwìnnì. Ìyá Ọlọ́gbà, tó ń ṣàkóso ibẹ̀, jáde sí wa. Koríko ni irun orí rẹ̀, èèrà sì ń rìn lápá rẹ̀ méjèèjì láìta á. Ọdẹ́tọ́lá dọ̀bálẹ̀, ó ní igi agbáyun kan péré ni òun ń fẹ́ fún iwájú ilé òun.

Ìyá Ọlọ́gbà ní, "Ẹ lè mú ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ihò kì í ṣófo ní ìlú yìí. Bí ẹ bá hú igi, ẹnì kan nínú yín á dúró sínú ihò rẹ̀ títí irúgbìn igi náà yóò fi padà wá sí ilẹ̀ tó ti kúrò."

Ọdẹ́tọ́lá ní, "Yóò pẹ́ tó ìgbà wo, ìyá?"

Ó ní, "Bí ó bá rí ibòji, tó rí omi, á so ní ọdún kẹrin."

Ọdẹ́tọ́lá wojú mi. Ó sọ fún mi nígbẹ̀yìn pé òun mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ló yẹ kí òun dúró, nítorí òun ló fẹ́ igi. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀, ó sì gbé e mì. Ohun tó sọ ni pé, "Látúndé, ìwọ ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú igi. Bó o bá gbé e délé, á kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwa méjèèjì á sì há." Òótọ́ ni ó sọ. Ó ní ìyẹn gan-an ló ń dun òun, pé òótọ́ ni òun fi bo ojú òun mọ́lẹ̀.

Mo bọ́ bàtà mi, mo wọ inú ihò. Ilẹ̀ náà tutù, ó sì rọra di ẹsẹ̀ mi mú. Mo ní, "Sọ fún Àṣàkẹ́. Sọ fún un pé ọdún mẹ́rin ni, kó má rò pé mo fi í sílẹ̀."

Ọdẹ́tọ́lá ní, "N óò sọ fún un kí n tó sọ àpò kalẹ̀. Bí igi yìí bá ti so, mo dé nìyẹn."

Ó gbé igi náà lérí, ó sì lọ.

Nígbà tó wọ Òkè-Ìsàn, gbogbo ìlú tú jáde. Wọ́n ń kígbe orúkọ rẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ kan ewé igi náà, tíṣà pàápàá jáde wá wò ó, ó sì ṣí fìlà fún un. Ọdẹ́tọ́lá kò tíì gbọ́ irú ìkíni bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Láàárín ariwo yìí ni Àṣàkẹ́ la èrò kọjá, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, Baba Olódòdó. Ọkọ mi ńkọ́?"

Ọdẹ́tọ́lá wo èrò tó yí i ká. Ó rò pé bí òun bá sọ ọ́ níbẹ̀, wọ́n á ní òun fi ọ̀rẹ́ òun gba òdòdó. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé kí èrò túká ná, òun á lọ bá a nílé. Ó wá dáhùn pé, "Ó ní kí n máa bọ̀, òun ya ibì kan."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó fẹ́ lọ bá a nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àlejò kò jẹ́ kó dìde. Ní ọjọ́ kejì ó gbin igi náà. Ní ọjọ́ kẹta àwọn obìnrin ti ń sọ létí odò pé Látúndé ti rí obìnrin mìíràn lọ́nà ọ̀hún. Àṣàkẹ́ ti gbọ́, ojú rẹ̀ ti wú. Ọdẹ́tọ́lá kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, ọ̀rọ̀ náà ń le sí i láti sọ.

Ó tọ́jú igi náà, ẹ jẹ́ kí n fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó gbìn ín síbi tí ògiri ti ń ṣíji bò ó lẹ́yìn ọ̀sán, nítorí agbáyun kò fẹ́ oòrùn gangan. Ó kó ewé jíjẹrà sí ìdí rẹ̀, ó ń bomi rin ín láràárọ̀. Ọdún kìíní, igi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ga rárá. Ọdún kẹrin, ó yọ òdòdó funfun tín-tìn-tín, òdòdó náà sì di èso mọ́kànlá. Ọdẹ́tọ́lá ká gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan sẹ́nu. Ó fẹ́ mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Mo gbà á gbọ́.

Ṣùgbọ́n òjò ṣì pọ̀, odò kún. Ó ní kí òun dúró kí omi fà. Báwo ni èèyàn ṣe ń tọ́jú irúgbìn ní ilẹ̀ wa? Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n. Bí a ṣe ń ṣe àgbàdo tí a fẹ́ gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ ni ó ṣe é. Ó fọ kóró mọ́kọ̀ọ̀kànlá, ó sá wọn sóòrùn, ó dì wọ́n sínú aṣọ, ó sì fi wọ́n kọ́ sórí àjà lókè ààrò ìyàwó rẹ̀ kí èéfín máa fẹ́ sí wọn, kí kòkòrò má jẹ wọ́n. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi wà níbẹ̀.

Nígbà tí omi fà, ó gbé wọn wá. Mo rí i tó ń bọ̀ lókèèrè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ewé ti bò mí dé orúnkún. Ìyá Ọlọ́gbà gbin kóró náà, a sì dúró. Nígbà tí kò hù, ó wú ọ̀kan jáde, ó fi èékánná là á. Inú rẹ̀ ti gbẹ, ó ti dúdú.

Ìyá Ọlọ́gbà ní, "Ta ló sọ fún ọ pé àgbàdo ni? Kóró agbáyun kì í gbẹ kó tún yè. O ti gbé ọmọ lé iná, o wá gbé e wá kó dìde. Tútù ni kó o mú un wá, kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé tí o ká a."

Ọdẹ́tọ́lá fọwọ́ lérí. Èmi ni mo ń tù ú nínú. Mo ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, pé àṣìṣe ni, pé ọdún kan kò pẹ́. Mo wá béèrè pé, "Àṣàkẹ́ ńkọ́?"

Ó ní, "Ó wà dáadáa. Ó bímọ obìnrin fún ọ. Fẹ̀yìntọ́lá ni wọ́n sọ ọ́."

Mo sunkún ayọ̀. Mo ní, "Ṣé o jíṣẹ́ mi fún un?"

Ó ní, "Mo jẹ́ ẹ."

Ó sọ fún mi nígbẹ̀yìn pé kò sí irọ́ tí òun pa láyé tó rọrùn láti pa bí ìyẹn. Nígbà tó ń kọjá ní Àdéhùn, ó mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan fà á lọ́rùn. Ó fọwọ́ kàn án, àdó kan tó kéré bí kóró àgbálùmọ̀ ló wà níbẹ̀. Ó já a, kò já. Ó dé ilé, kò sẹ́ni tó rí i, ìyàwó rẹ̀ tó ń fọ ẹ̀yìn rẹ̀ pàápàá kò rí i. Ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹyẹ jẹ èso náà tán kó tó pọ́n dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ló sọ fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí àwọn ẹyẹ náà láti ojú fèrèsé, kò sì lé wọn. Ní ọdún kejì wọ́n fi í jẹ olórí ọdẹ. Ó ní olórí ọdẹ kò lè fi ìlú sílẹ̀. Ní ọdún kẹta ẹ̀rù ń bà á láti rí mi. Lẹ́yìn náà kò tilẹ̀ wá àwáwí mọ́, ó kàn ń bomi rin igi náà. Àwọn èèyàn ń ti ìlú mìíràn wá wò ó. Wọ́n á ní, "Baba, ọwọ́ yín dára o." Bí wọ́n bá ti kí i báyìí, àdó náà á tún wúwo sí i. Ó wá ń tẹ̀ nígbà tó ń rìn, àwọn ọmọ ilé rẹ̀ rò pé ọjọ́ ogbó ni. Fẹ̀yìntọ́lá ń dàgbà lójú rẹ̀ láìní bàbá. Bí ọmọ náà bá kí i, kì í lè wo ojú rẹ̀, nítorí ojú mi ló gbé wá sáyé.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọjá báyìí, ẹ̀yin èèyàn. Èmi wà lórí ìdúró.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Fẹ̀yìntọ́lá wọ inú ọgbà yìí, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi ò lè jẹun mọ́. Ẹ̀kọ nìkan ni ọ̀fun rẹ̀ ń gbà, ó sì ní ó ti kan jù lẹ́nu òun. Ẹ fún mi ní agbáyun méjì kí n fi tàn án jẹun."

Ọdẹ́tọ́lá ní, "Máa lọ, ọmọ mi. Èmi fúnra mi ló ń gbé e bọ̀."

Ó ká méjì, ó gba ilé Àṣàkẹ́ lọ. Àṣàkẹ́ wà lórí ẹní, ó ti gbẹ, ọpọ́n ẹ̀kọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọdẹ́tọ́lá jókòó tì í. Ó fẹ́ kó jẹ agbáyun náà ná, kí ẹnu rẹ̀ dùn, bóyá ọ̀rọ̀ náà yóò rọrùn díẹ̀ láti gbọ́. Ó fi ọ̀kan sí i lẹ́nu.

Àṣàkẹ́ ní, "Ẹ ṣé, Baba Olódòdó. Kí ló dé tí ẹ fi gbé e wá fúnra yín?"

Ọdẹ́tọ́lá ní, "Àṣàkẹ́, Látúndé ò fẹ́ obìnrin kankan. Kò sá lọ. Ó dúró nítorí mi, mo sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀."

Àṣàkẹ́ fi ìka mú èso náà jáde lẹ́nu, ó tu itọ́ rẹ̀ sínú igbá, ó bu ẹ̀kọ kíkan fi fọ ẹnu, ó tún tu ú. Ó ní, "Mú agbáyun rẹ kúrò níwájú mi. Sọ ọ́ báyìí. Mo fẹ́ gbọ́ ọ bó ṣe kan."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Kò fi èyíkéyìí pamọ́, títí kan kóró orí àjà, títí kan irọ́ tó pa fún mi. Nígbà tó parí, Àṣàkẹ́ pè é lórúkọ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti wọ ilé ọkọ. Ó ní, "Ọdẹ́tọ́lá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń bú ọkùnrin tó wà lórí ìdúró. Mo kọ́ ọmọ rẹ̀ láti máa bú u. Ìwọ ló fi ìyẹn sí mi lẹ́nu."

Ọdẹ́tọ́lá dojú bolẹ̀, ó ń sunkún. Àṣàkẹ́ kò ní kó dìde, kò sì ní òun dárí jì í. Ó ní, "Lọ mú un wá. Mi ò ní kú títí o fi dé." Ó fa ọpọ́n ẹ̀kọ mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún bó ṣe kan.

Ọdẹ́tọ́lá kò tún yà sílé. Ó ká èso méje tútù, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù wé wọn pẹ̀lú ewédò tó ń di omi mú, kí wọ́n má bàa gbẹ, ó sì fi ìyókù ọ̀sán náà bọ́ sọ́nà. Ẹyẹ olórí mẹ́ta kò bi í ní nǹkan kan. Orí kọ̀ọ̀kan gba èso méjì méjì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní àwọn ti gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ nígbà kan rí, ojú rẹ̀ ti jẹ tirẹ̀ yó. Ẹyọ kan ló kù. Ní Àdéhùn, ó tẹ̀ kọjá pẹ̀lú àdó tó ti tóbi tó ìkòkò omi. Bàbá arúgbó ọjọ́sí ṣì wà níbẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí òkúta rẹ̀ kí Ọdẹ́tọ́lá lè rí àyè sinmi.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ewé ti bò mí dé àyà, ẹyẹ ti yé sí mi léjìká. Ìyá Ọlọ́gbà gbin kóró náà sídìí mi, ó dá a mọ̀ pé ó yè, ó sì ní kí ihò náà tú mi sílẹ̀. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n ọmọ agbáyun kò lè dá dúró nínú oòrùn. Ta ni yóò ṣíji bò ó títí wọ́n yóò fi mú kóró èkejì rẹ̀ wá gbìn tì í?"

Lọ́tẹ̀ yìí, Ọdẹ́tọ́lá kò wojú ẹnikẹ́ni. Ó bọ́ bàtà, ó ṣí fìlà, ó gbé àpò rẹ̀ fún mi, ó sì wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bó ṣe wọlé ni àdó náà já bọ́ lọ́rùn rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ilẹ̀ fi tú ẹsẹ̀ mi sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn la fi dúró lójúkojú, ibẹ̀ ló ti sọ gbogbo ohun tí mo sọ fún yín. Mi ò dá a lóhùn ní ọjọ́ kìíní. Ní ọjọ́ kejì mo bú u, mo tilẹ̀ tutọ́ sí i lára. Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí mo ń lọ, mo wẹ̀yìn, mo rí i pé ó ti na ọwọ́ méjèèjì sórí ilẹ̀ níbi tí kóró náà wà kí oòrùn má bàa kàn án. Inú mi rọ̀. Mo ní, "Bí agbáyun ilé bá ti tún so, n óò mú èkejì rẹ̀ wá." Ó ní kí n má yára, kí n kọ́kọ́ bá ìyàwó mi jókòó.

Mo bá ìyàwó mi jókòó. Àṣàkẹ́ mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, kò kú, òun ló jókòó sí ẹnu ọ̀nà lọ́hùn-ún yẹn. Fẹ̀yìntọ́lá ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́ta ti kọjá tí mo ti dé. Igi yìí so ní ọdún kìíní. Mo ní ara Àṣàkẹ́ kò tíì yá tán. Ó so ní ọdún kejì. Mo ní òrùlé ń jò. Ó so lọ́dún tó kọjá, mo wò ó títí ẹyẹ fi jẹ ẹ́ tán, mo sì sọ fún ara mi pé ẹsẹ̀ ń dùn mí. Mo ti dúró tó, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ràn àga mi. Mo fẹ́ràn bí ẹ ṣe ń wá jókòó yí mi ká kí ẹ gbọ́ ìtàn ẹfọ̀n. Ẹ wo ọrùn mi dáadáa. Ẹ ò rí nǹkan kan níbẹ̀, àbí? Ti Ọdẹ́tọ́lá náà, kò sẹ́ni tó rí i nínú yín. Tèmi ti tó àgbálùmọ̀ báyìí.

Láàárọ̀ òní, Àṣàkẹ́ gbé ẹ̀kọ kíkan ka iwájú mi, ó fi àpò Ọdẹ́tọ́lá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Látúndé, èmi ò lè jókòó sílé lẹ́ẹ̀kejì kí ọkùnrin kan wà lórí ìdúró nítorí igi yìí." Mo mu ẹ̀kọ náà tán. Mo ní kí wọ́n pè yín.

Nítorí náà, kì í ṣe ìtàn ni mo pè yín sí. Mo pè yín kí ẹ lè rí mi nígbà tí mo bá ń ká a, kí ojú lè tì mí láti yí padà. Mo ti ń ká a báyìí, ẹ̀ ń wò mí. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. N óò ká mẹ́wàá, torí ẹyẹ olórí mẹ́ta ẹnu ọ̀nà. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù rèé, ewédò ló wà nínú igbá yẹn. Fẹ̀yìntọ́lá, gbé àpò yẹn fún mi. Rárá, èyí kọ́, tèmi kọ́. Ti Ọdẹ́tọ́lá ni kó o gbé wá, òun ló ni ín, òun ni yóò sì gbé e padà wálé.

Ẹ yà fún mi, kí n kọjá.